Amóhùnmáwòrán Díjítà Ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà: Ọ̀fẹ́ fún Ta, ní Èdè Wo?

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kì í dá a wò. Àwọn ará àdúgbò a péjọ sí pálọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti rí Moses Ọláìyá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlá, tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lórí amóhùnmáwòrán náà ni eré Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí ti fi ẹjọ́ dídá kọ́ àwọn òǹwòran lọ́gbọ́n ní ojúlówó èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé iwájú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe tí òbí wọn kò pa rí.

Ó ti pẹ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń gbìyànjú láti kúrò nínú ètò ìgbéjáde àtijọ́, ìyẹn ánálọ́ọ̀gù, bọ́ sínú ètò tuntun tí í ṣe díjítà. Ìlérí ìjọba ni pé ọ̀fẹ́ ni ètò tuntun náà yóò jẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Ìlérí náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe ìyìn nìkan. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iye ìkànnì kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi díwọ̀n ọ̀fẹ́ náà. Ohun méjì ni ó yẹ ní wíwò: ṣé ó dé ilé ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, ṣé ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́ dáadáa?

Ohun tí Díjítà Jẹ́ àti Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Nínú ètò àtijọ́, ìkànnì kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ojú ìgbì afẹ́fẹ́ kan. Nínú ètò díjítà, wọ́n ń sọ àwòrán àti ohùn di nọ́ńbà, wọ́n sì ń fún wọn pọ̀ débi pé ìkànnì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jọ gba ojú ìgbì kan náà kọjá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì ńlá rọ́pò ọkọ̀ tí ó ń gbé èrò kan ṣoṣo. Ojú ìgbì tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n lè yà sọ́tọ̀ fún tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Áfíríkà àti Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn fi pàdé ní Geneva lọ́dún 2006, lábẹ́ àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé tí í ṣe ITU, tí wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe gbèdéke ìyípadà náà.

Nàìjíríà fẹ́ ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2012 ni ó fi ṣe gbèdéke tirẹ̀. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá. Ti ọdún 2015 dé, òun náà kọjá. Wọ́n sún un sí oṣù kẹfà ọdún 2017, síbẹ̀ kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò náà dé ìlú Jos lábẹ́ orúkọ FreeTV. Ó dé Àbújá ní ìparí ọdún náà. Ó dé Ìlọrin àti Kàdúná ní ìparí ọdún 2017, ó sì dé Ẹnúgu àti Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ó tó dé Èkó. Ìbàdàn, níbi tí amóhùnmáwòrán ti ṣẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, kò sí lára àwọn ìlú tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà.

Èrò Àwọn Ará Ìlú

Èrò àwọn ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pín sí ọ̀nà mélòó kan, ó sì yẹ kí olùkọ́ tẹ́tí sí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Àwọn kan ń yin ètò náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, pé ìkànnì rẹ̀ pọ̀, àti pé kò sí owó oṣooṣù tí ilé iṣẹ́ kankan yóò tìtorí rẹ̀ gé àwòrán ní àárín eré. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó bá ti san owó oṣooṣù títí tí agara fi dá a ni ó mọ iyì ohun tí wọ́n ń wí.

Àwọn kejì ń béèrè pé irú ọ̀fẹ́ wo ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni kí ó tó wọlé. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé kò lè gba ìgbì díjítà fúnra rẹ̀. Àfi kí onílé ra díkódà. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Jos, wọ́n fi owó ìrànwọ́ dín iye díkódà kù, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dúró títí. Bí owó náírà bá sì ṣe ń já wálẹ̀ ni ohun èlò tí ó ti òkè òkun wá ń gbówó lórí. Lẹ́yìn díkódà, ẹ́ríà tí ó dára ń bẹ, owó ẹni tí yóò gùn òkè lọ so ó mọ́ òpó ń bẹ, owó wáyà náà kò gbẹ́yìn.

Àwọn kẹta ni àwọn tí ó ti ra díkódà tán, tí wọn kò sì rí àwòrán. Ìṣòro tiwọn ní ìdí tí ó yẹ ní ṣíṣàlàyé. Ní ayé ánálọ́ọ̀gù, bí ìgbì bá rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí òǹwòran máa ń rí ni eéru tí ń dà lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa rí ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, yóò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbì bá tó, àwòrán á mọ́ kedere. Bí kò bá tó, àwòrán á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á gan pa síbẹ̀, tàbí kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn pátápátá. Kò sí àárín méjì. Ará oko tí ń fara da eéru láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ń gbọ́ ìròyìn alẹ́ rẹ̀, lè tìtorí ìlọsíwájú yìí pàdánù ohun gbogbo. Ilé tí ó wà lẹ́yìn òkè, bí irú àwọn òkè tí ó pọ̀ ní Èkìtì àti Ìdànrè, nílò òpó ìgbéjáde kékeré tí yóò gba ìgbì, tí yóò sì tún un tàn ká.

Àwọn kẹrin ní tiwọn kò rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n rárá. Iná mànàmáná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ìlérí ìjọba sì ti yẹ̀ léraléra. Ẹni tí ó gbọ́ gbèdéke mẹ́ta tí kò rí ìmúṣẹ ẹyọ kan kò ní sáré lọ ra díkódà nígbà tí ó bá gbọ́ ẹ̀kẹrin.

Bí ènìyàn bá kó èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀, òwe kan ni yóò sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ibi tí ìgbì wà, owó díkódà kò sí. Ibi tí díkódà wà, iná kò sí. Ibi tí iná àti díkódà wà, ìgbì kò dé ibẹ̀.

Ìlàlóyè tí Kò Tó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n ti sọ ètò yìí ní ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó wo ilé tí yóò wọ̀. Ìlú ọba, níbi tí owó pọ̀ sí ju ti ilẹ̀ yìí lọ, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú Whitehaven ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyípadà tiwọn lọ́dún 2007, agbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Northern Ireland ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n dá ètò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ àti àwọn aláàbọ̀ ara, kí ẹni tí yóò bá wọn so ẹ̀rọ náà lè wá bá wọn nílé. Wọ́n mọ̀ pé arúgbó kò ní ṣe ìyípadà yìí fúnra rẹ̀, wọn kò sì dá a lẹ́bi fún un.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú àlàyé tí ó tẹ ará ìlú lọ́wọ́ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni díkódà ń kọ sójú ẹ̀rọ nígbà tí ó bá ń wá ìkànnì. Ìyá arúgbó tí ó ń fi rìmóòtù tẹ ohun tí kò lè kà yóò ké pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá sí nílé, ẹ̀rọ di àga ìgbékọ́sí aṣọ. Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣòro èdè ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kankan kò sì lè sọ pé òun kò ní ohun tí òun lè ṣe sí i.

Èdè Wo ni Ìkànnì Tuntun ń Sọ?

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn olùkọ́ èdè jù. Àṣẹ tí àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìyẹn NBC, fi lélẹ̀ ni pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ọ̀fẹ́ bá ń gbé jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ ti abẹ́lé. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ṣe ní Èkó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jẹ́ ti abẹ́lé bákan náà. Ìkànnì lè di ogún, kí ó di ọgbọ̀n, kí gbogbo wọn sì pa òfin náà mọ́, síbẹ̀ kí ọmọ Yorùbá má gbọ́ ju ìròyìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní èdè rẹ̀ lójúmọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Yorùbá ti wà lórí ìkànnì olówó. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọdún 2010 ni Africa Magic Yorùbá ti wà, èyí sì fi hàn pé àwọn tí ó fẹ́ wo eré Yorùbá pọ̀ débi tí oníṣòwò fi rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí náà ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ èdè baba rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán láti àárọ̀ di alẹ́ ní láti máa san owó oṣooṣù, nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé orí fóònù ni eré Yorùbá wà nísinsin yìí, pé àwọn ọ̀dọ́ kò wo amóhùnmáwòrán mọ́. Òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, pàápàá fún eré oníwákàtí méjì. Ohun kan sì tún wà tí fóònù kò lè ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wo fóònù, ó sì ti fi ohun ìgbọ́rọ̀ dí etí rẹ̀ méjèèjì. Iwájú amóhùnmáwòrán ni ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń jókòó pọ̀. Bí òṣèré bá pa òwe, ọmọ á béèrè ìtumọ̀, ìyá àgbà á sì sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ èdè tí kò sí nínú ìwé kankan nìyẹn.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gba ìkánjú ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èdè abínibí nínú ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé fásitì. Bí ilẹ̀kùn kíláàsì bá ti ń padé mọ́ èdè Yorùbá, ilẹ̀kùn wo ni ó kù tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọdé? Amóhùnmáwòrán ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣẹ́ kù.

Àpẹẹrẹ kan wà láti Wales, nínú ìlú ọba níbẹ̀ kan náà. Ní ọdún 1982 ni wọ́n dá ìkànnì S4C sílẹ̀ fún èdè Welsh. Nítorí pé ojú ìgbì ánálọ́ọ̀gù kò tó pín, ìkànnì náà ní láti máa fi eré èdè Gẹ̀ẹ́sì kún ti èdè Welsh. Nígbà tí ìyípadà sí díjítà parí ní Wales ní ọdún 2010, àyè ṣí sílẹ̀, S4C sì di ìkànnì èdè Welsh pọ́ńbélé. Àwọn tí ń sọ èdè Welsh kò tó mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Díjítà tí ó fún wọn ní ìkànnì tiwọn lè fún Yorùbá náà ní tirẹ̀, bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́, bí àwọn tí ó ni èdè náà bá sì béèrè.

Ewu kan sì wà tí àwọn ènìyàn kò tíì sọ púpọ̀. Nínú ètò tuntun, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kì í gbé ìgbì tirẹ̀ jáde mọ́. Ó ń fi ohun tí ó ṣe fún ilé iṣẹ́ tí ń pín ìgbì káàkiri, ó sì ń san owó fún iṣẹ́ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé ètò èdè Yorùbá jáde láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ni kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá rí owó yìí san déédéé, ìkànnì tí ó ń sọ èdè Yorùbá jù ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́.

Àwọn Àbá

Ti ìjọba ṣáájú. Kò yẹ kí wọ́n pa ìgbì ánálọ́ọ̀gù ní agbègbè kankan títí tí ìgbì díjítà yóò fi dé àwọn abúlé rẹ̀, kì í ṣe olú ìlú nìkan. Ó yẹ kí owó tí ó bá ti ara ojú ìgbì tí wọ́n tà fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù jáde padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ìgbì náà tẹ́lẹ̀, nípa fífi díkódà ta àwọn arúgbó, àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko lọ́rẹ. Ó sì yẹ kí òfin ìdá 60 náà ní ẹ̀ka kan tí yóò sọ iye wákàtí tí èdè agbègbè gbọ́dọ̀ gbà lójúmọ́.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá lè fi owó wọn pọ̀ láti dá ìkànnì èdè Yorùbá kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo wọn dípò kí ìkọ̀ọ̀kan máa dá jà. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ wọ́n níyà.

Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́jì ní iṣẹ́ tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè kọ ìwé pélébé tí yóò ṣàlàyé ní èdè Yorùbá bí ènìyàn ṣe ń so díkódà, bí ó ṣe ń kọ ẹ́ríà sí ibi tí òpó ìgbéjáde wà, àti ohun tí yóò ṣe bí àwòrán bá gan. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé lè mú un dání. Wọ́n lè máa ka àkọlé èdè Yorùbá tí ń jáde lójú ẹ̀rọ, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì ohùn, kí wọ́n sì kọ àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n lè kọ eré àti ìdíje àlọ́ àpamọ̀ fún àwọn ọmọdé, tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀ yóò gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ohun tí wọn yóò fi kún wákàtí wọn ni wọ́n ń wá.

Ìkádìí

Ẹ̀sùn àwọn ará ìlú lórí amóhùnmáwòrán díjítà ọ̀fẹ́ kì í ṣe àìmọore. Owó ni wọ́n ní kò tó, ìgbì ni wọ́n ní kò dé, ìlérí ni wọ́n ní ó ń yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣeé tún ṣe, nítorí pé owó ni yóò tún wọn ṣe. Ti èdè ni owó nìkan kò ní tún ṣe. Bí wọ́n bá pín gbogbo ìkànnì tán kí ẹni kankan tó béèrè àyè fún Yorùbá, yóò ṣòro láti wá àyè lẹ́yìn náà.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìbàdàn ni orísun amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà, èdè Yorùbá sì wà lára ohun tí ó fi iyọ̀ sí i nígbà náà. Àwọn tí ń kọ́ni ní èdè náà lónìí ni ó kù sí lọ́wọ́ láti rí i pé nígbà tí ìyá arúgbó bá tẹ rìmóòtù rẹ̀ tán, ohùn tí yóò kí i láti inú ẹ̀rọ náà yóò jẹ́ èyí tí ó lè dá lóhùn.